Anselme Payen, Ẹni tí ó Yọ Ohun Kan Ṣoṣo Jáde Nínú Igi, Òwú àti Ìyàngbò

Nígbà tí aláìsàn bá ju hóró oògùn kan sí ẹnu tí ó sì fi omi gbé e mì, ó rọrùn láti rò pé oògùn pọ́ńbélé ni ó gbé mì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ hóró oògùn, ojúlówó oògùn inú rẹ̀ kéré débi pé bí a bá dá a kó sí àtẹ́lẹwọ́, agbára káká ni ojú yóò fi rí i. Ohun mìíràn ni a fi kún un kí ó lè di hóró tí ọwọ́ lè mú, kí ó má baà rún nínú ìgò, kí ó sì lè tú ká nígbà tí ó bá dé ikùn. Ọ̀kan pàtàkì nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni sẹ́lúlóòsì, èyí tí ó dà bí egungun tí ó gbé igi, koríko àti irúgbìn gbogbo ró. Ẹni tí ó kọ́kọ́ yọ ọ́ síta, tí ó sì fi yé aráyé pé ọ̀kan náà ni níbi gbogbo, ni Anselme Payen, ọmọ ilẹ̀ Faransé.

Ìlú Páàrìsì ni a bí i sí, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní ọdún 1795, nígbà tí ìjì ìyípadà ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1789 kò tíì rọlẹ̀ tán. Agbẹjọ́rò ni Jean-Baptiste Payen, bàbá rẹ̀, kí ó tó yà sí iṣẹ́ kẹ́míkà tí ó sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Egungun àti ìdànù ara ẹran wà lára ohun tí wọ́n ń sun níbẹ̀ láti fi ṣe irú iyọ̀ kan tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń lò. Bàbá yìí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ilé ni ó ti kọ́ ọ. A kò lè fi ojú kékeré wo irú ìtọ́ni bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó dàgbà níbi tí a ti ń sọ egungun di owó kì í wo ààtàn bí ẹlòmíràn ti ń wò ó. Nígbà tí ó tó àkókò, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì lọ́dọ̀ Vauquelin àti Chevreul, àwọn àgbà onímọ̀ tí òkìkí wọn kàn ní Páàrìsì.

Kò ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ fi ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe bórásì lé e lọ́wọ́ ní ọdún 1815. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti àwọn amọ̀kòkò kò lè ṣe aláìlo bórásì, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Họ́láńdì nìkan ni wọ́n ń tà á ní Yúróòpù, láti inú ẹrù tí wọ́n ń kó wá láti ìlà-oòrùn ayé, iye tí ó sì wù wọ́n ni wọ́n ń dá lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wá ọ̀nà tí a fi lè ṣe é láti inú ásíìdì kan tí a ń rí ní Ítálì pẹ̀lú sódà, ó sì ń tà á ní ìdá mẹ́ta iye tí àwọn ará Họ́láńdì ń gbà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọjà ti fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn yóò máa ra gbogbo èyí tí ó bá ṣe pátápátá. Ó kọ̀. Àwọn tí wọ́n nílò rẹ̀ gan-an ni ó ń tà á fún.

Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1820, gbogbo ilé iṣẹ́ náà sì di tirẹ̀, títí kan ibi tí a ti ń yọ ṣúgà láti inú gbòǹgbò kan tí ó pupa bí ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ó funfun, tí wọ́n ń pè ní bíìtì. Ṣúgà náà máa ń dúdú. Ní ọdún 1822 Payen kọ ìwé láti ṣàlàyé bí èédú egungun ṣe ń fa àwọ̀ dúdú yìí kúrò, egungun tí ó ti mọ̀ láti kékeré sì tún di irinṣẹ́ fún un.

Ohun tí ó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wáyé ní ọdún 1833. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Jean-François Persoz, mú ọkà báálì tí a rẹ tí ó sì ti hù, wọ́n yọ ohun kan jáde nínú omi rẹ̀ tí ó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Díásítéèsì ni wọ́n pè é. Òun ni ẹ́ńsáìmù àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yọ sọ́tọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni irú ohun bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ọkà bàbà tí àwọn obìnrin tí ń pọn burúkútù ń jẹ́ kí ó hù kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú láìmọ orúkọ rẹ̀.

Láti ọdún 1835, nígbà tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a ń pè ní École Centrale, ìkọ́ni àti ìwádìí ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀. Ìgbà yìí ni ó kọjú sí igi. Ohun tí àwọn àgbà onímọ̀ gbà nígbà náà ni pé ohun kan náà ni igi láti èèpo dé àárín. Payen kò fi ara mọ́ èyí. Ó mú oríṣiríṣi igi, ó fi ásíìdì nítíríkì wẹ̀ wọ́n, ó sì fi sódà tẹ̀ lé e. Ohun líle tí ó gan mọ́ igi náà, tí ó ń jẹ́ kí ó ki kí ó sì pọ́n, yọ́ dànù. Ohun funfun kan tí ó rí bí òwú ni ó ṣẹ́kù. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún òwú fúnra rẹ̀, ó ṣe é fún oríṣiríṣi irúgbìn mìíràn, ohun funfun kan náà sì ni ó ń rí. Nígbà tí ó wọ̀n ohun tí ó wà nínú rẹ̀, èédú inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 44 nínú 100, bí ó ti rí nínú sítáàṣì gan-an. Èyí ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí sítáàṣì ni a ń jẹ yó nínú iṣu àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ igi yó rí? Ní ọdún 1838 ni ó gbé iṣẹ́ yìí síwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni orúkọ náà, sẹ́lúlóòsì, sì fara hàn nínú ìwé ẹgbẹ́ náà. Wọ́n gba òun fúnra rẹ̀ wọlé sí àárín wọn ní ọdún 1842.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò lọ láìní alátakò. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, Edmond Frémy, tí òun náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Páàrìsì, dìde láti sọ pé sẹ́lúlóòsì kì í ṣe ẹyọ kan, pé ti igi yàtọ̀, ti òwú yàtọ̀. Payen kò yẹsẹ̀: ó ní ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn ni ó ń yàtọ̀, pé bí a bá fọ̀ ọ́ dáadáa, ọ̀kan ni. Iyàn yìí lè dà bí iyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán, ṣùgbọ́n ohun tí ó dúró lé e kì í ṣe kékeré. Bí ó bá jẹ́ pé Frémy ni ó jàre, ohun tí a bá yọ nínú ìyàngbò kò ní lè ṣe iṣẹ́ èyí tí a yọ nínú òwú láéláé. Ọ̀rọ̀ Payen ni ó fìdí múlẹ̀. Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ bíi Hermann Staudinger ti ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé ẹ̀wọ̀n gígùn kan ni, tí a so ṣúgà kéékèèké pọ̀ mọ́ra láti ṣe é, ẹ̀wọ̀n kan náà nínú òwú tí í ṣe ju 90 lọ nínú 100 sẹ́lúlóòsì, àti nínú igi tí tirẹ̀ wà láàárín 40 sí 50.

Payen kú ní Páàrìsì ní oṣù karùn-ún ọdún 1871, ní ẹni ọdún 76. Ìlú kò fara rọ nígbà náà. Ogun Jámánì ti dó tì í ní ìgbà òtútù tí ó kọjá, ìjọba àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí a mọ̀ sí Commune ni ó sì wà lórí oyè níbẹ̀ nígbà tí ó gbẹ́mìí mì.

Ní ojú ayé rẹ̀, ní ọdún 1843, William Brockedon, ayàwòrán kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń fi agbára tẹ ìyẹ̀fun oògùn pọ̀ di hóró. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò tíì pàdé ara wọn nígbà náà. Ọdún 1955 ni O. A. Battista àti Patricia Smith, ní Amẹ́ríkà, se sẹ́lúlóòsì nínú ásíìdì títí apá tí kò le fi yọ́ kúrò tí ó sì ku kìkì wóró kéékèèké tí ó dì pọ̀. Wóró wọ̀nyí ni àwọn oníṣẹ́ oògùn tẹ́wọ́ gbà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó di ara rẹ̀ mú. Bí omi bá kàn án, ó fà á mu, hóró náà sì tú ká. Kì í dà nínú ikùn ènìyàn. Ó kàn ń kọjá ni, nígbà tí oògùn ti jáde lára rẹ̀.

Igi ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òkè òkun sábà fi ń ṣe é, ọ̀pọ̀ èyí tí a ń lò ní Nàìjíríà ni a sì ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè rà. Àwọn tí wọ́n fi Kánò tàbí Kàdúná ṣe ibùgbé mọ òkìtì èèpo ẹ̀pà tí ń wà lẹ́yìn ilé ìpẹ̀pà, àti èèpo ìrẹsì tí a ń dáná sun nídìí ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ oògùn ní Yunifásítì Benin àti ní Nsukka wà lára àwọn tí ó ti yọ sẹ́lúlóòsì jáde nínú irú ìdànù báyìí, títí kan ṣùkù àgbàdo. Ọ̀nà tí Payen là ni wọ́n tọ̀: sódà láti lé ohun líle inú rẹ̀ jáde, ohun tí ń sọ ọ́ di funfun, ásíìdì, omi púpọ̀ láti fi ṣan án, kí a tó sá a, kí a lọ̀ ọ́, kí a sì jọ̀ ọ́. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè gún nínú odó kí ó pò mọ́ oògùn. Hóró tí ó bá le jù yóò gba inú ikùn kọjá láìtú, aláìsàn yóò lo oògùn rẹ̀ pé, àìsàn kò sì ní lọ. Nítorí náà ni òfin fi sọ pé hóró tí a kò kun ohunkóhun sí lára gbọ́dọ̀ tú nínú omi kí ìṣẹ́jú 15 tó pé. Nínú yàrá ìwádìí, àwọn kan lára hóró tí a fi èèpo àti ṣùkù wọ̀nyí ṣe ti yege nínú ìdánwò yìí. Ohun tí ó kù ni ilé iṣẹ́ tí yóò máa ṣe é ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù, tí èyí tí ó ṣe lónìí yóò sì bá ti àná dọ́gba láìyẹ̀.