Ipa Ilé Rere nínú Ìgbésí Ayé Samuel Àjàyí Crowther

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá fi ojú inú wo ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, a ó rí i pé oore tí ọmọdé bá rí nílé a máa gbé e ró nígbà tí ìyà bá dé.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Àjàyí jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá fún ọmọ tí ó dojúbolẹ̀ nígbà ìbí. Fún bí ọdún méjìlá ni ó fi gbé láàárín òbí, ìyá àgbà àti ẹbí, tí ó mọ ilé tí òun ti wá.

Ní 1821, ogun kó Òṣogùn. Baba rẹ̀ padà sójú ìjà. Àjàyí kò sì fojú kàn án mọ́. Wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin méjì lẹ́rú. Nígbà tí wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ wọn, ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi pé ó gbèrò láti pa ara rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí.

Ní Freetown, ó tún rí àwọn àgbàlagbà tó tọ́jú rẹ̀ tí wọ́n sì kọ́ ọ níwèé. Síbẹ̀, èdè tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ó fi kọ ìwé nípa èdè Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1843, òun ni ó sì fi kó ipa ribiribi nínú ìtumọ̀ Bíbélì. Ní oṣù kẹjọ 1846, òun àti Àfàlá tún fojú rinjú ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá 1891, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ilé rere nìkan kọ́ ló ṣe gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí a gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 fi hàn pé ìbànújẹ́ ọkàn kì í wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà tí wọ́n rí ìfẹ́ àti alábàárò ní kékeré, kódà bí ojú wọn bá ti rí màbo. Nítorí náà, kí òbí àti olùkọ́ má ṣe fojú kékeré wo ìtọ́jú tí wọ́n ń fún ọmọ lónìí. Ó lè jẹ́ òun ni yóò gbà á là lọ́la.