George Hurrell: Onífọ́tò tó yí ọkọ Norma Shearer lérò padà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́dún 1929, ìlúmọ̀ọ́ká òṣèrébìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà nì, Norma Shearer, kọ̀ láti dákẹ́. Fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní The Divorcee ló fẹ́ẹ́ kópa nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀, Irving Thalberg, tó jẹ́ ọ̀gá tó ń darí fíìmù ṣíṣe nílé-iṣẹ́ MGM ní Hollywood, kò gbà. Obìnrin afẹ́ tí ojú ọkùnrin kò ní í kúrò lára rẹ̀ ni fíìmù náà ń fẹ́. Lójú Thalberg, ìyàwó òun kò lè ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí obìnrin jẹ́jẹ́ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ni Norma bá gba ọ̀dọ̀ onífọ́tò ọmọ ọdún 25 kan lọ. George Hurrell lorúkọ onífọ́tò náà.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 1904 ni wọ́n bí Hurrell nílùú Covington, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Kì í ṣe fọ́tò ló kọ́kọ́ wù ú, iṣẹ́ àwòrán kíkùn ló lọ kọ́ ní Chicago. Ní 1925, ó kó lọ sí Laguna Beach ní California, níbi tí àwọn ayàwòrán pọ̀ sí. Nígbà tó yá, kámẹ́rà ló ń bọ́ ọ ju búrọ́ọ̀ṣì lọ. Obìnrin awakọ̀ òfuurufú kan, Pancho Barnes, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló mú un mọ òṣèré Ramon Novarro. Fọ́tò tí Hurrell yà fún Novarro ni Norma rí tó fi mọ̀ pé ẹni tóun ń wá rèé.

Lọ́jọ́ tí Norma dé ilé ìyafọ́tò Hurrell ní Los Angeles, aṣọ ilé tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ló wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn síta, irun rẹ̀ sì wà ní títú sílẹ̀. Nígbà tí Thalberg rí fọ́tò náà, èrò rẹ̀ yí padà. Norma ló ṣe The Divorcee, fíìmù náà jáde ní 1930, òun náà ló sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún òṣèrébìnrin tó dára jù lọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni MGM fi Hurrell ṣe olórí ẹ̀ka tó ń ya fọ́tò àwọn òṣèré.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Iná ni àkọ́kọ́. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ fọ́tò òṣèré ló máa ń rí bí ẹni pé kùrukùru bo ojú kámẹ́rà. Hurrell kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí ojú hàn ketekete, kí òkùnkùn sì yí i ká. Ó gbé iná kọ́ sórí ọ̀pá gígùn, bí irú èyí tí àwọn onífíìmù fi ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè orí òṣèré, ó sì lè tì í síbi tó bá wù ú. Iná tó bá ti òkè wá máa ń fi òjìji sábẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òjìji yìí ló ń mú kí ojú tó rí pẹlẹbẹ gún régé.

Kì í fẹ́ kí òṣèré kun àtíkè jù. Òróró díẹ̀ ti tó láti mú kí awọ ara dán nínú iná. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà rẹ̀ tóbi, nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ jẹ́ ínṣì 8 sí ínṣì 10, kò sí àbàwọ́n tó lè sá pamọ́ fún un. Nítorí náà, bí wọ́n bá fọ nẹ́gẹ́tíìfù tán, wọ́n á mú pẹ́ńsù tó mú ṣóńṣó, wọ́n á máa fi pa àmì àti ìlà ojú rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Fún òṣèré bíi Joan Crawford, tí àmì kéékèèké pọ̀ lójú rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni lórí fọ́tò kan ṣoṣo. Àwọn àgbà onífọ́tò ilẹ̀ wa tó ṣiṣẹ́ láyé fọ́tò dúdú àti funfun mọ iṣẹ́ pẹ́ńsù yìí dáadáa.

Ṣùgbọ́n bí iná dára, tí ọkàn ẹni tó jókòó kò balẹ̀, pàbó ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Hurrell a máa fi rẹ́kọ́ọ̀dù orin sí i, a máa fò káàkiri, a máa dápàárá, títí ẹni tó wá yafọ́tò á fi gbàgbé pé kámẹ́rà wà níwájú òun. Ìgbà náà ni yóò tó yà á.

Ní 1932, ó kúrò ní MGM, ó sì ṣí ilé ìyafọ́tò tirẹ̀ sí Sunset Boulevard. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ayé yí padà. Fọ́tò tó rí bí èèyàn ṣe rí lójoojúmọ́ làwọn ènìyàn wá ń fẹ́, ọjà fọ́tò oge sì kú. Nígbà tó di 1965, Museum of Modern Art ní New York pàtẹ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ 17, oṣù karùn-ún, ọdún 1992 lọlọ́jọ́ dé bá a, lẹ́ni ọdún 87.

Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe iṣẹ́ pẹ́ńsù, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó fún un. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í gbé iná síbi tó yẹ kó wà, kì í sì í fi ẹni tó wá yafọ́tò lọ́kàn balẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ṣì wà lọ́wọ́ onífọ́tò.