FẸLÁ ṢÓWÁNDÉ, ỌMỌ ÀLÙFÁÀ TÓ DI ÀGBÀ ATẸDÙRÙ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba Agbowó kọjá níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn tí kò mọ̀ pé àgbà olórin kan ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yẹn ní àwọn ọdún 1960. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹlá Ṣówándé ni.

Oṣù Karùn-ún ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Àlùfáà ni baba rẹ̀, ó sì jẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́. Ní Èkó, Fẹlá di ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ní Kàtídírà Kírísítì, níbi tí T. K. E. Phillips, ògá atẹdùrù, ti kọ́ ọ níṣẹ́.

Láàárín àwọn ọdún 1930 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, àmọ́ orin kò jẹ́ kó gbádùn. Ní 1936, ó jókòó sídìí píánò, ó sì tẹ Rhapsody in Blue, iṣẹ́ George Gershwin, ọmọ Amẹ́ríkà. Orin yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Ó máa ń tó bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Nígbà mìíràn gbogbo ẹgbẹ́ olórin á dákẹ́ wẹ́lo, á wá ku atẹpíánò nìkan. Bí ìka bá ṣì báyìí, gbogbo èèyàn ló máa gbọ́!

Ẹnìkan lè bèèrè pé, kí ni ọmọ àlùfáà ń wá nílé ijó alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù? Òótọ́ ni pé ó ń tẹ jáàsì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ ló fi ń jẹun, òun náà ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́ dùrù. Ní 1943 ó gba oyè FRCO, oyè ńlá fún àwọn atẹdùrù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1945 dé 1952, òun ni atẹdùrù àti ọ̀gá akọrin ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti Kingsway Hall.

Kò wá ju orin ilé nù. Nígbà tí àwọn kan ṣì ń rò pé ohùn ilẹ̀ wa kò yẹ ilé Ọlọ́run, ó mú un, ó sọ ọ́ di orin dùrù ńlá: Oyígíyigì, K'á Múra, Ọbáńgíjì. Àwọn òyìnbó ń tẹ̀ wọ́n títí dòní.

Ní 1953 ó padà wálé sídìí iṣẹ́ orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ó kọ Folk Symphony fún òmìnira wa ní 1960. Ní 1968 ó lọ sí Amẹ́ríkà láti máa kọ́ni ní yunifásítì, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù Kẹta 1987, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń tọwọ́ bọ dùrù, ẹ má lé e dànù. Ẹ wá olùkọ́ fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ akọrin, ẹ kọ́ ti òyìnbó kó dánmọ́rán, kí ẹ má sì tìtorí rẹ̀ gbàgbé tiwa. Kí Ọlọ́run gbé irú rẹ̀ dìde láàárín wa. Àmín.