Edward Emerson Barnard, Ayàwòrán Ojú Ọ̀run

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Disẹ́ḿbà, ọdún 1857, ni a bí Edward Emerson Barnard ní ìlú Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó bí i, kò sì fi ogún sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ń fi agbára káká bọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọdé ni ó ṣì wà nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1861 sí 1865, ìyà tí ó jẹ ìdílé wọn kò sì kéré. Gbogbo ilé-ìwé tí ó lọ ní kékeré kò ju bí oṣù méjì lọ. Lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé kíkà.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé iṣẹ́ ayàwòrán kan kí ó lè máa rí owó díẹ̀ mú wálé. Ní ayé ìgbà náà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni àwọn ayàwòrán fi ń sọ àwòrán kékeré di ńlá. Ẹ̀rọ gìrìwò kan wà ní orí òrùlé ilé iṣẹ́ náà fún èyí. Bí oòrùn ti ń rìn ní ojú ọ̀run ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa yí ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa yẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Iṣẹ́ tí a fún Edward nìyí. Iṣẹ́ tí ń mú oorun kunni ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò sùn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ kékeré yìí ni yóò sọ ọ́ di olókìkí.

Bí ó bá ń darí lọ sílé ní alẹ́, a máa gbé ojú sókè wo àwọn ìràwọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ wọn. Ní ọdún 1876, ọ̀rẹ́ kan tí ó wá yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ fi ìwé kan dúró. Ìwé nípa ìràwọ̀ ni. Inú ìwé yìí ni Barnard ti kọ́ orúkọ àwọn ìràwọ̀ tí ó ti ń wò láti kékeré. Láìpẹ́, ó ra awò gígùn kan tí a fi ń wo ohun tí ó jìnnà. Fífẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 5, iye rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 380, èyí tí ó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Ní ọdún 1877, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé ní Nashville. Barnard tọ Simon Newcomb, àgbà nínú àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, lọ fún ìmọ̀ràn. Newcomb sọ fún un pé kí ó pa awò náà tì ná, kí ó lọ kọ́ ìṣirò. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó nu omijé rẹ̀ tán, ó wá olùkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, síbẹ̀ kò pa awò rẹ̀ tì.

Ọdún 1881 ni ó gbé Rhoda Calvert níyàwó. Ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ H. H. Warner ń san dọ́là 200 nígbà náà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ìràwọ̀ onírù tuntun. Barnard rí ọ̀kan ní ọdún náà gan-an, ó sì tún rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Owó wọ̀nyí ni ó fi san gbèsè ilé tí ó kọ́ fún ìyá àti aya rẹ̀. Ní ọdún 1883, Yunifásítì Vanderbilt gbà á láti máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ wọn, kí ó sì máa kẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọdún 1888 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ Lick, ní orí òkè Hamilton ní California. Nínú àwọn awò tí ń fi gíláàsì kó ìmọ́lẹ̀ jọ, èyí tí ó tóbi jùlọ láyé nígbà náà wà níbẹ̀, íǹṣì 36 ni fífẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tètè kan Barnard láti lò ó. Kò jókòó kí ó máa kùn. Ògbólógbòó awò ẹ̀rọ ayàwòrán kan ni ó mú lò, irú èyí tí a fi ń ya àwòrán ojú ènìyàn ní ilé iṣẹ́ ayàwòrán. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bí íǹṣì 6. Gígùn ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà láti inú rẹ̀ dé orí gíláàsì tí ń gba àwòrán kò sì ju bí íǹṣì 31 lọ. Nítorí pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ọ̀nà inú rẹ̀ sì kúrú, ìmọ́lẹ̀ tí kò lágbára pàápàá a máa hàn lójú gíláàsì náà, apá ojú ọ̀run tí ó fẹ̀ a sì máa wọ inú àwòrán kan ṣoṣo. Awò ńlá kò lè ṣe èyí, nítorí ibi kékeré ni òun ń wò.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kéré. Ó gbọ́dọ̀ máa kán sórí gíláàsì fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìgbà tí òjò wínníwínní ń kún ìkòkò. Ayé sì ń yí. Bí ẹ̀rọ bá dúró sójú kan, ìlà gbọọrọ ni ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fà. Nítorí náà Barnard de ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ awò gígùn kan tí aago ń yí. Aago náà a máa ṣìṣe, nítorí náà Barnard a tẹ ojú mọ́ awò náà, a mú ìràwọ̀ kan tọ́ sí ibi tí okùn tín-ín-rín méjì ti dábùú ara wọn, a sì máa fi ọwọ́ tọ́ ẹ̀rọ náà sọ́nà bí ó bá ti fẹ́ yẹ̀. Bí ó ti ń ṣe nìyí nínú òtútù òkè náà láti wákàtí dé wákàtí. Iṣẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ń yí ẹ̀rọ tẹ̀ lé oòrùn ni ó tún padà sí.

Láti ọdún 1889 ni àwọn àwòrán rẹ̀ ti ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Ìlà funfun tí ó la ojú ọ̀run kọjá lóru, tí a ń pè ní Milky Way, hàn nínú wọn bí ìkùukùu tí ó kún fún ìràwọ̀ àìníye. Nígbà tí ó sì kàn án láti lo awò ńlá, ó fi ojú ara rẹ̀ rí òṣùpá karùn-ún tí ń yí Jupiter ká, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà, ọdún 1892. Ní oṣù kejì èyí, ó rí ìràwọ̀ onírù kan nínú àwòrán tí ó yà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi àwòrán ṣe irú àwárí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1895 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, ó sì lọ sí ilé ìwòràwọ̀ Yerkes ní Wisconsin. Arábìnrin Catherine Bruce fi dọ́là 7,000 tọrẹ kí a fi ṣe ẹ̀rọ ayàwòrán tí ó sàn ju ti àtijọ́ lọ fún un. Ní ọdún 1905 ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí orí òkè Wilson ní California, ó sì ya ọ̀pọ̀ àwòrán níbẹ̀. Àwọn ojú dúdú kan hàn láàárín àwọn ìràwọ̀ nínú àwòrán wọ̀nyí. Ihò òfìfo ni Barnard kọ́kọ́ pè wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wò wọ́n láti ọdún dé ọdún, ó gbà pé èrò òun kò tọ̀nà. Ìkùukùu dúdú ni púpọ̀ nínú wọn, tí ó dí ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́yìn wọn mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1919 ó tẹ ìwé tí ó ka 182 nínú wọn. Ó ti kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1916, nípa fífi àwòrán àtijọ́ wé tuntun, pé ìràwọ̀ kékeré kan ń sáré lójú ọ̀run ju gbogbo èyí tí a mọ̀ lọ. Orúkọ Barnard ni a fi ń pe ìràwọ̀ náà títí di òní.

Ìwé àwòrán Milky Way ni iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀. Kò gbà kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ àwọn àwòrán náà. Fọ́tò gidi ni ó ní kí a lẹ̀ mọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ju 35,000 lọ. Kò rí òpin iṣẹ́ náà. Ó kú ní ọjọ́ kẹfà oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1923, a sì sin ín sí Nashville. Edwin Frost àti Mary Calvert, ọmọ ẹbí ìyàwó rẹ̀, ni ó parí ìwé náà, ó sì jáde ní ọdún 1927.

Lónìí, ẹni tí kò lówó púpọ̀ lè de ẹ̀rọ ayàwòrán kékeré mọ́ ohun èlò tí ń yí pẹ̀lú àwọn ìràwọ̀, kí ó ṣí ojú awò rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kí ó sì mú sùúrù. Ọ̀nà tí Barnard là ni ó ń tọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ̀sọ̀ tí ọmọ aláìní baba kọ́ ní orí òrùlé Nashville ni ó fi ka ojú ọ̀run fún gbogbo ayé.