Ọ̀gágun Zhukov àti Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Rọ́ṣíà

Bí a bá ń ka àwọn ọ̀gágun tí wọ́n ṣe gudugudu méje yààyàà mẹ́fà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, a kò lè ṣàìdárúkọ Georgy Konstantinovich Zhukov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Òun ló lé àwọn ọmọ ogun Hitler kúrò lẹ́nu odi Moscow, òun náà ló wọ Berlin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyìn ogun nìkan ni mo ṣe mú ìtàn rẹ̀ wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́dún yìí. Lẹ́yìn ogun náà, Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì di ọ̀kan nínú alágbára méjì tí ayé ń wárìrì fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bí a bá fara balẹ̀ wo ìgbésí ayé Zhukov, a ó rí i pé ibi tí agbára ẹgbẹ́ ogun náà ti ń wá ni àìlera rẹ̀ ti ń wá pẹ̀lú.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1896 ni wọ́n bí i ní abúlé Strelkovka, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Moscow. Aránbàtà tálákà ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ẹrù kíkó ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá tí wọ́n fi mú un lọ bá arákùnrin ìyá rẹ̀ ní Moscow, kí ó lọ kọ́ṣẹ́ rírán ẹ̀wù òtútù tí wọ́n ń fi awọ ẹran onírun ṣe. Ní 1915 ni ìjọba ọba Rọ́ṣíà mú un wọṣẹ́ ológun. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n fi í sí, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà méjì. Nígbà tí àwọn Kọ́múníìsì gba ìjọba ní 1917, kò pẹ́ tí Zhukov fi bọ́ sínú Ẹgbẹ́ Ogun Pupa wọn ní 1918. Níbẹ̀, ọmọ tálákà tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀ lè di ọ̀gágun bí ó bá mọṣẹ́. Ọ̀kan nínú agbára ẹgbẹ́ ogun náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n láti 1937 ni Stalin, olórí ìlú, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọ̀gágun tó ń fura sí. Márùn-ún ni àwọn tó ní oyè Marshal, tí í ṣe oyè tó ga jù lọ. Mẹ́ta nínú wọn ni kò bọ́ níbẹ̀ láàyè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀gá ológun ló bá wọn lọ, àwọn kan sí sàréè, àwọn mìíràn sí ẹ̀wọ̀n. Orí yọ Zhukov. Ní 1939, wọ́n rán an lọ sí Mongolia, níbi odò Khalkhin Gol, ó sì fi táńkì àti ọkọ̀ òfuurufú fọ́ àwọn ọmọ ogun Jàpáànì túútúú. Àmọ́ kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ ogun kan náà kọlu Finland kékeré, ojú rẹ̀ sì rí màbo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ bí a ti ń darí ogun ti kú, àwọn tó kù sì ń bẹ̀rù láti dá ohunkóhun ṣe láìgbàṣẹ.

Ní oṣù Kẹfà 1941, Jámánì ya wọ Rọ́ṣíà. Ibi tí ọ̀ràn bá ti le ni Stalin ń rán Zhukov lọ: Leningrad, Moscow, Stalingrad, títí dé Berlin. Ní òru ọjọ́ kẹjọ mọ́jú ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún 1945, níwájú rẹ̀ ni àwọn ọ̀gágun Jámánì ti tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn túúbá. Àṣeyọrí ńlá ni, àmọ́ ohun tí wọ́n san lórí rẹ̀ pọ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 27 ènìyàn ni Sófíẹ́ẹ̀tì pàdánù, àwọn tó jẹ́ sọ́jà nínú wọn sì ju mílíọ̀nù 8 lọ. Zhukov fúnra rẹ̀ kì í wo ti ẹ̀mí ọmọ ogun bí ó bá fẹ́ gba ibì kan. Ìkọlù tó darí ní Rzhev ní ìparí 1942 jẹ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, kò sì yọrí sí rere.

Nígbà tí ogun parí, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun Sófíẹ́ẹ̀tì ju mílíọ̀nù 11 lọ. Táńkì wọn pọ̀, àgbá wọn pọ̀, àwọn ọ̀gágun wọn sì ti mọ ogun í jà dunjú. Lórí ilẹ̀ Yúróòpù, kò sí ẹni tó lè fojú di wọ́n. Àmọ́ Amẹ́ríkà ní bọ́ǹbù átọ́míìkì, Sófíẹ́ẹ̀tì kò sì ní tirẹ̀ títí di 1949. Ọkọ̀ ogun orí omi wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú ti jóná, oko ti di igbó, kò sì sí ọwọ́ tó tó láti tún wọn ṣe. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dín ọmọ ogun kù títí tí wọn kò fi tó mílíọ̀nù 3 mọ́ ní 1948.

Àìlera tó burú jù ni ìfura. Gbogbo ìlú ló ń yin Zhukov, ìyẹn kò sì dùn mọ́ Stalin nínú. Ní 1946, wọ́n mú Novikov, ọ̀gá àwọn ológun òfuurufú, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ títí tó fi tọwọ́ bọ ìwé tó ba Zhukov jẹ́. Wọ́n lé Zhukov lọ sí Odessa. Ní 1948 wọ́n tún lé e lọ sí agbègbè òkè Ural. Wọ́n tú ilé rẹ̀, wọ́n bá kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ àti àwòrán tó kó bọ̀ láti Jámánì. N kò ní bo èyí mọ́lẹ̀: ó jẹ̀bi níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ló ń bí Stalin nínú.

Ní oṣù Kẹta 1953, Stalin kú. Wọ́n pe Zhukov padà sí Moscow, ó sì wà lára àwọn ológun tó mú Beria, olórí àwọn ọlọ́pàá inú, ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án 1954, ó darí ìdánrawò kan ní Totskoye. Nǹkan bí 45,000 ọmọ ogun ló wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ju ojúlówó bọ́ǹbù átọ́míìkì sílẹ̀, wọ́n sì rán wọn gba ìtòsí ibi tó ti bú. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ogun ṣì lè jà lẹ́yìn irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹgbẹ́ ogun tí a lè sọ fún pé kí ó rìn nínú irú eruku bẹ́ẹ̀, tó sì rìn, ó lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó lè béèrè pé kí ló wà nínú eruku náà, ewu ńlá wà níbẹ̀.

Ní 1955 ó di Mínísítà ètò ààbò. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ ogun ńlá Novorossiysk bú gbàmù ní èbúté Sevastopol, ó sì dojú dé. Ó ju 600 ènìyàn lọ tó kú. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì bá tí kú bí ọ̀gá wọn bá tètè pàṣẹ pé kí wọ́n kúrò nínú ọkọ̀. Zhukov yọ Kuznetsov, olórí àwọn ológun ojú omi, níṣẹ́, àmọ́ àrùn tó pa àwọn ènìyàn náà, ìyẹn dídúró de àṣẹ, kò kúrò nílẹ̀. Ohun kan wà tí mo fi ń bọlá fún un. Àwọn sọ́jà tí Jámánì ti kó lẹ́rú nígbà ogun, ọ̀dàlẹ̀ ni ìjọba wọn ń pè wọ́n nígbà tí wọ́n padà délé. Ní 1956, Zhukov ló ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ wọn, tó sì ní kí a dá ẹ̀tọ́ wọn padà fún wọn.

Ọdún yẹn kan náà ni Hungary, tí Sófíẹ́ẹ̀tì ń pè ní ọ̀rẹ́, dìde pé àwọn fẹ́ òmìnira. Nígbà tí táńkì kọ́kọ́ wọ àwọn òpópónà tóóró Budapest, àwọn ọ̀dọ́ fi ìgò epo bẹntiróòlù dáná sun púpọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá, Zhukov tún kó ogun tó ju ti àkọ́kọ́ lọ wọ̀ ọ́, kò sì ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ó fi tẹ̀ wọ́n rì. Nǹkan bí 700 sọ́jà Sófíẹ́ẹ̀tì àti nǹkan bí 2,500 ará Hungary ló kú. Ogun tán, àmọ́ gbogbo ayé ti rí i pé ọ̀rẹ́ tí a ń fi táńkì ṣọ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ní oṣù Kẹfà 1957, àwọn àgbà òṣèlú kan fẹ́ yọ Khrushchev, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Zhukov fi ọkọ̀ òfuurufú ológun kó àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ láti gbogbo ìlú wá sí Moscow láti gbè é. Khrushchev dúpẹ́, ẹ̀rù sì bà á. Ẹni tó lè gbà ọ́ lè lé ọ. Ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí Zhukov ń ṣe ìbẹ̀wò sí Yugoslavia àti Albania, wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ó dín agbára ẹgbẹ́ òṣèlú kù láàárín àwọn ológun, wọ́n ní ó ń gbé ara rẹ̀ ga. Kódà Konev, tí wọ́n jọ gba Berlin, kọ̀wé lòdì sí i nínú ìwé ìròyìn Pravda. Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ní ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kì í bá Aláàfin gbé ìlú kan náà, nítorí àwọn baba wa mọ̀ pé ọba àti balógun lè fura sí ara wọn. Wọ́n wá ọgbọ́n sí i, bí ọgbọ́n náà kò tilẹ̀ fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́. Ti Sófíẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ti gbayì jù ni wọ́n ń gé lórí. Àwọn tó kù kọ́gbọ́n, wọ́n ń dúró de àṣẹ. Sájẹ́ńtì wọn gan-an, ọ̀pọ̀ jẹ́ ọmọ tí wọ́n fi òfin mú wọṣẹ́ fún ọdún díẹ̀. Kí ó tó mọṣẹ́ tán, ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ sílé. Nígbà tí wọ́n wọ Afghanistan ní 1979, táńkì pọ̀, àmọ́ orí òkè ń fẹ́ ẹni tó lè dá ronú. Nígbà tí wọ́n fi kúrò ní 1989, ó ti tó nǹkan bí 15,000 sọ́jà wọn tó kú. Ní 1991, Sófíẹ́ẹ̀tì túká, pẹ̀lú ọmọ ogun tó ju mílíọ̀nù 3 lọ àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́ǹbù tí kò lè gbà á.

Zhukov kò rí ìyẹn. Ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ìwé náà jáde ní 1969, àmọ́ ìjọba yọ ohun tí kò wù wọ́n kúrò nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà 1974 ló kú, wọ́n sì kó eérú rẹ̀ sínú ògiri Kremlin pẹ̀lú ẹ̀yẹ ńlá. Ní tèmi, bí ẹnikẹ́ni bá ń ka iye táńkì orílẹ̀-èdè kan fún mi, n ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ ogun ibẹ̀ lè sọ òtítọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, kí ọ̀gá náà sì lè sọ ọ́ fún olórí ìlú.