Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti àti Ọ̀nà tí Oògùn Ń Gbà Dé Ọwọ́ Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ìtàn olóògbé tí a fẹ́ sọ yìí fi hàn pé nínú ọ̀rọ̀ oògùn, ará ìyókù kì í tètè gbọ́n.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Olíkóyè ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1927. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta, ni bàbá rẹ̀. Fúnmiláyọ̀, akọni obìnrin tí ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, ni ìyá rẹ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n Fẹlá olórin. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Trinity College, ní ìlú Dublin, ó sì padà wá sílé láti máa tọ́jú àwọn ọmọdé. Nígbà tí ó yá, ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ yìí ní Yunifásítì Èkó.

Ní ọdún 1985, ó di Mínísítà fún ètò ìlera ní àkókò ìjọba Babangida. Ohun tí ó gbájú mọ́ ni pé kí ìtọ́jú dé abúlé, kí abẹ́rẹ́ àjẹsára kárí, kí ìyá ọmọ sì mọ bí a ṣe ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru.

Ṣùgbọ́n kí ni èrè ìtọ́jú bí oògùn fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ayédèrú? Ní àkókò náà, bí wọ́n ṣe ń ta gaàrí ni wọ́n ń ta oògùn. Oníṣòwò ńlá a kó o wọ̀lú, alágbàtà a rà á ní páálí, alátẹ a sì rà á lọ́wọ́ alágbàtà. Bí ó bá di ọ̀ràn, ó ṣòro láti mọ ọwọ́ ẹni tí ó ti wá. Ní ọdún 1988, ìjọba gbé òfin kọkànlélógún jáde. Òfin náà ka oògùn ayédèrú àti èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá léèwọ̀, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta oògùn ní ọjà, ní gáréèjì, tàbí nínú bọ́ọ̀sì.

Kò ju ọdún méjì lọ tí àjálù dé. Ní ọdún 1990, wọ́n ń gbé àwọn ọmọdé tí kò lè tọ̀ mọ́ wá sí ilé-ìwòsàn ní Ìbàdàn àti Jọ́ọ̀sì. Paracetamol olómi tí wọ́n mu ti ba kíndìnrín wọn jẹ́. Propylene glycol ni ó yẹ kí ó wà nínú oògùn náà. Diethylene glycol, májèlé tí a ń lò nínú omi bíréèkì ọkọ̀, ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọmọ 109 ni wọ́n kà pé ó kú. Oníṣègùn ọmọdé ni Mínísítà ọ̀hún! Òfin lè lé alátẹ kúrò ní gáréèjì, ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ ipasẹ̀ kẹ́míkà láti inú àgbá títí dé inú ìgò?

Ní ọdún 1993, ìjọba fi òfin dá NAFDAC sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, ọdún 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n dágbére fáyé ní ìlú London. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní 2008, májèlé kan náà tún wọ inú oògùn eyín ọmọdé tí a ń pè ní My Pikin. Ọmọ 84 ni ó bá a lọ. Ọwọ́ oníṣòwò kẹ́míkà tí kò ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ti ra èyí tí wọ́n fi pò ó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí ó kù fún wa láti parí nìyí. Kí ẹni tí ó tà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí ó rà kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye rẹ̀ àti nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀. Kí aláṣẹ sì máa yẹ ìwé náà wò kí ọmọ tó kú. Ibi tí a ti ń wo olókùnrùn ni a ti í wo ara ẹni. Kí Ọlọ́run tẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè sí afẹ́fẹ́ rere.