Ó Wá Igi Lọ, Ó Gba Iṣẹ́ Ọlọ́run Bọ̀

Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ètè a máa là, ọkàn náà a sì máa sáré. Oníkálukú ń ro aṣọ ọdún, owó ìkórè, àti ohun tí aládùúgbò rà tí òun kò tíì rí rà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a rántí Wòlíì Samuel Bilewu Oshoffa, ọmọ Àjàṣẹ́ wa níhìn-ín, kí a lè bi ara wa léèrè ohun tí a ń wá lọ́dọ̀ Ọlọ́run gan-an.

Ọdún 1909 ni a bí i. Joseph bàbá rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ìyá rẹ̀, ọmọ Ìmẹ̀kọ ni. Àwọn ọmọ tí bàbá yìí ti bí ṣáájú ń kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù. Ó wá bẹ Ọlọ́run fún ọmọkùnrin, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò fi í sin Olúwa, bí Hánnà ti ṣe. Ìdí tó fi sọ ọ́ ní Samuel nìyẹn. Bilewu ní tirẹ̀, orúkọ ẹ̀bẹ̀ ni, pé bí ayé bá wù ú kó dúró. Ó sì dúró.

Kò pẹ́ nílé ìwé. Ó kọ́ṣẹ́ bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń ṣòwò igi dúdú líle tí àwọn Faransé ń pè ní ébène. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó lẹ́nu gbọ́dọ̀ jẹun. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1947, ó wọkọ̀ ojú omi lọ wá igi nínú igbó àbàtà. Oṣù yẹn náà ni oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọ́ nínú ìjọ, ibi tó ti ń gbàdúrà ló ti gbọ́ ohùn. Ó lò tó oṣù mẹ́ta nínú igbó, oyin àti omi ni oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ tí a fi rán an: ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló jẹ́ pé bí ìṣòro bá dé, ilé adáhunṣe ni wọ́n ń sá lọ; kó lọ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n gbára lé Kristi nìkan. A kò rán an pé kó lọ sọ aráyé di ọlọ́rọ̀. Ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1947 ni ìjọ bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Àwọn apẹja gbé e dé Mákòkó l'Ékòó, nígbà tó sì di 1958, ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ ìjọ sínú ìwé.

Aṣọ funfun ni a ń wọ̀, a sì ń bọ́ bàtà. Bí apẹja àti ọ̀gá bá kúnlẹ̀ láìwọ bàtà, ta ni yóò mọ olówó? Ṣùgbọ́n a ti wá ọgbọ́n sí i: sùtáná di léèsì olówó ńlá, ẹni tó bá dáwó jù ló ń jókòó níwájú. Bí aṣọ bá funfun tí inú sì dúdú bí igi ébène, kí ni èrè rẹ̀?

Ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 1985 ni Wòlíì kú l'Ékòó, lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀. Ìmẹ̀kọ ni a sin ín sí. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjà ta ni yóò jókòó sípò dé ilé ẹjọ́, ìjọ sì pín. Ẹni tó fi òwò sílẹ̀ nítorí ìpè, àwa tó kù ń du àga.

Ará mi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti tọrọ ọmọ, ilé tàbí ìwé ìrìnnà. Ṣùgbọ́n bí ọdún yìí bá parí tí ọwọ́ rẹ kò tẹ̀ ẹ́, ṣé o ṣì máa wá? Àbí wàá gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé adáhunṣe lóru? Ìwọ gan-an ni wọ́n rán Oshoffa sí nìyẹn o.

Kí Olúwa fọ ọkàn wa mọ́ ju aṣọ wa lọ. Àmín.